Ta Ni Aládùúgbò Bàbà Nínú Ìkòkò Alumíníọ́ọ̀mù?

Tí ẹ bá gbé irin kan lọ fún àwọn tó ń yẹ irin wò, ìwé kan ni wọ́n máa fi lé yín lọ́wọ́. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé alumíníọ́ọ̀mù jẹ́ 95%, bàbà jẹ́ 4%, màgnísíọ́ọ̀mù díẹ̀, sílíkọ́nì díẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Abẹ́òkúta yìí, ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé ìwé yẹn ò tíì sọ irin náà fún wa. Ó sọ ohun tó wà nínú irin, kò sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn hóró tíntìntín tí irin fi di irin, dúró sí àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni líle irin ti ń wá, ibẹ̀ náà ni rírọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látorí Alfred Wilm. Ará Jámánì ni. Lọ́dún 1906, ó ń wá alumíníọ́ọ̀mù tó máa le ju èyí tí ayé ìgbà náà ní lọ. Ó fi bàbà bíi 4% àti màgnísíọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó gbé e síná títí tó fi gbóná gan-an láìyọ́, ó wá tì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tó jáde nínú omi ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó tún dán an wò, irin náà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò tún tì í bọná, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kún un, nǹkan kan ò sì jáde lára rẹ̀. Orí ìjókòó ló wà. Ká ní wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń kọ ìwé yẹn lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n tún gbé e padà lọ lọ́jọ́ karùn-ún, nǹkan kan náà ni wọ́n máa kọ síwèé. Irin yìí ni wọ́n wá ń pè ní Duralumin. Òun ni wọ́n fi ṣe egungun ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irú rẹ̀ sì wà lára àwọn ọkọ̀ òfuurufú títí dòní.

Ọdún 32 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1938, André Guinier ní ilẹ̀ Faransé àti George Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnì kìíní ò fi ọ̀ràn lọ ẹnì kejì, tan X-ray sí irú irin yìí. Wọ́n rí àmì pé àwọn átọ́ọ̀mù bàbà tó fọ́n káàkiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti ń wá ara wọn rí, wọ́n ti ń kóra jọ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ náà kéré débi pé nínípọn rẹ̀ ò ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Tí a bá fẹ́ tẹ irin náà, àwọn pẹlẹbẹ yìí ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọn, tí kò fi ní yẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ò ní pẹ́ lóye èyí. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, wọn ò kàn dà bo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ará Kémta lọ bá ará Kémta, ará Ìtọ̀kò lọ bá ará Ìtọ̀kò, Ìkìjà, Ìlúgùn, Ìporo, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ti ṣí wá. Ẹni tó bá ka orí nìkan máa kà á tán láìmọ̀ pé ìlú púpọ̀ ló wà nínú ìlú kan. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó bi onílé pé ta ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò.

Ọ̀nà kan wà láti kan ilẹ̀kùn átọ́ọ̀mù. Nuclear magnetic resonance ni wọ́n ń pè é, NMR ní kúkúrú. Kò ní ìtànṣán olóró nínú rárá. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Kókó tó wà láàárín ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré. Tí a bá gbé e sínú mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, á máa pòòyì, bó ṣe ń yára tó sì dá lórí agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó bá a níbi tó wà. Tí a bá rán ìgbì rédíò sí i ní ìyára yẹn gan-an, á gbà á, á sì fèsì, a ó sì gbọ́ ọ. Edward Purcell ní Harvard fi páráfíìnì, irú ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, ṣe é, Felix Bloch ní Stanford fi omi ṣe é, láàárín ìparí 1945 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1946. Wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1952.

Nínú mágínẹ́ẹ̀tì 9.4 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára mágínẹ́ẹ̀tì), irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú yàrá ìwádìí, alumíníọ́ọ̀mù ń fèsì ní bíi MHz 104, MHz kan náà tí wọ́n fi ń ka ibùsọ̀ rédíò FM. Bàbà-63, èyí tó pọ̀ jù nínú oríṣi bàbà méjì tó wà láyé, ń fèsì ní bíi MHz 106. Ẹ tan rédíò yín: OGBC wà ní 90.5, Rockcity wà ní 101.9. Àárín àwọn ibùsọ̀ FM wa gan-an ni irin ti ń fọhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irin bo ibi tí àyẹ̀wò náà wà yíká, kí ìròyìn àti orin má baà ráyè wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá mú álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kí omi kànga tòrò. Alumíníọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ìkòkò tí a fi ń se ẹ̀wà, alumíníọ́ọ̀mù ni òun náà. Kókó kan náà ló wà nínú átọ́ọ̀mù méjèèjì, ènìyàn á rò pé ojú kan náà ni wọ́n ti máa fèsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ti inú ìkòkò ga ju ti inú omi álọ́ọ̀mù lọ ní nǹkan bíi 0.16%. Lórí MHz 104, ìyẹn tó kHz 170, tàbí MHz 0.17. Tí ẹ bá yí ọwọ́ rédíò tó bẹ́ẹ̀, ibùsọ̀ tí ẹ ń gbọ́ á ti sá lọ.

Walter Knight ló kọ́kọ́ rí irú èyí, lára bàbà, ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949. Bàbà gidi fèsì lókè ju bàbà inú iyọ̀ rẹ̀, ìyẹn bàbà tó ti para pọ̀ mọ́ èròjà mìíràn tí kì í ṣe irin mọ́, lọ ní 0.23%, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìyàtọ̀ náà: Knight shift. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn fàlàlà nínú irin ló fà á, àwọn kan náà tó ń gbé iná mànàmáná kọjá nínú wáyà. Wọ́n máa ń gba orí kókó átọ́ọ̀mù gan-an kọjá, wọ́n á sì bu mágínẹ́ẹ̀tì tiwọn kún èyí tó ti wà níbẹ̀. Nínú iyọ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn bẹ́ẹ̀ ò sí. Nínú irin, bí àwọn aládùúgbò bá yí padà, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ya ọ̀dọ̀ átọ́ọ̀mù á yí padà, ohùn rẹ̀ náà á sún.

Ohun kejì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò, torí òun ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kókó alumíníọ́ọ̀mù àti ti bàbà kì í ṣe róbótó pátápátá, nítorí náà ó máa ń mọ̀ bí agbára iná tó yí i ká ò bá dọ́gba. Nínú alumíníọ́ọ̀mù tí kò lábùlà, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò 12, gbogbo wọn jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, wọ́n sì tò yí i ká lọ́nà tí ẹ̀gbẹ́ kan ò fi yàtọ̀ sí èkejì. Kò sí ohun tó ń fa kókó náà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn 12 náà, kí ẹ fi bàbà rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti yàtọ̀ nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀, ohùn tó jẹ́ ẹyọ kan á pín sí márùn-ún: ọ̀kan á dúró sáàárín, mẹ́rin á fọ́n lọ sí ọ̀tún àti òsì. Èyí tó dúró sáàárín ò ju ìdá 9 nínú 35 gbogbo agbára ohùn náà lọ. Àwọn mẹ́rin yòókù lè jìnnà débi pé a ò ní rí wọn mọ́.

Lọ́dún 1953, Nicolaas Bloembergen àti Theodore Rowland gbé iṣẹ́ kan jáde lórí NMR nínú irin àti àdàlù irin, Rowland sì tún padà sórí àdàlù bàbà lọ́dún 1960. Ohun tó yọ níbẹ̀ yani lẹ́nu. Tí ẹ bá fi átọ́ọ̀mù àjèjì kan sínú 100, ẹ máa rò pé ohùn bàbà á dín ní ìdá kan péré. Ó ń dín jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àjèjì kan ń mú ohùn gbogbo àwọn tó yí i ká lọ, kì í ṣe àwọn 12 tó fara kàn án nìkan, ó tún ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Nínú irin tó tò bíi bàbà, àwọn tó wà ní ìpele kejì jẹ́ 6. Ká ní àjèjì kan ń pa ohùn àwọn 18 yìí rẹ́, àjèjì ìdá kan nínú 100 á mú kí ohùn tó kù wá sí bíi 83%. Wọ́n wá ń wo ohun tó sọnù, wọ́n sì ń fi ṣírò bí wàhálà àjèjì kan ṣe ń jìnnà tó nínú irin. Jacques Friedel, ará Faransé, ti ṣe ìṣirò ṣáájú pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í bo àjèjì mọ́lẹ̀ ní tààrà, pé ṣe ni wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń dín, wọ́n tún ń pọ̀, bí a ṣe ń jìnnà sí i. Ohùn tó sọnù nínú bàbà jẹ́rìí sí i. Mo ti ń ka iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, kò tíì sú mi.

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo èyí wo irin Wilm. 4% bàbà yẹn, ìwọ̀n ni. Átọ́ọ̀mù bàbà wúwo ju ti alumíníọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, nítorí náà tí a bá ka átọ́ọ̀mù 1000, bàbà inú wọn ò ju bíi 17 lọ. Tí wọ́n bá fọ́n ká láìní ètò, bíi 81 nínú 100 átọ́ọ̀mù bàbà ni kò ní bàbà kankan láàárín àwọn aládùúgbò 12 tiwọn. Alumíníọ́ọ̀mù ló yí wọn ká. Ohùn bàbà-63 tó bá jáde látinú irin bẹ́ẹ̀ á mú ṣáṣá, á dúró sójú kan. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohùn yẹn á máa lọ sílẹ̀, òmíràn á máa yọ níbòmíràn: èyí ni ti bàbà tó ti rí bàbà. Ẹ gbé irin náà sínú ooru bíi 200°C fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀kẹta á yọ, ti ibi tí bàbà kan àti alumíníọ́ọ̀mù méjì ti tò pọ̀ ní ètò tuntun. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà lo bàbà-63 lọ́nà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí láti tọpasẹ̀ irin láti ìgbà tó kúrò nínú omi títí tó fi le. Ọ̀nà tó ń ka àwọn tó ti kóra jọ, tó sì tún ń ka àwọn tó ṣì dá wà lẹ́ẹ̀kan náà, kò wọ́pọ̀. Ohun tí mo fi gbà pé NMR tayọ nìyẹn.

Apá Láfẹ́ńwá ni mo ti máa ń rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn wá, níbi tí wọ́n ti ń da ìkòkò. Bàbá tó ni ibẹ̀ kì í da irin àlòkù pọ̀ bó bá ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Písítìn àti orí ẹ́ńjìnnì wà níhìn-ín, férémù wíńdò lọ́hùn-ún, wáyà iná lápá kan.

“Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́.”

“Òo, tíṣà. Ẹ káàbọ̀.”

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn kó gbogbo rẹ̀ síná pọ̀. Wọ́n ní, “Ti písítìn nìkan, ìkòkò á sán. Ti wáyà nìkan, kò ní ṣàn débi tó yẹ kó dé, á sì máa tẹ̀. Irin kan náà ni o. Ìwà wọn ni ò bára mu.”

Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún èyí ju àlàyé lọ. Písítìn ní sílíkọ́nì púpọ̀, ó sábà máa ń tó bíi 12%, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣàn dáadáa nígbà tó bá yọ́, tó sì ń gan nígbà tó bá dì. Wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù pọ́ńbélé. Férémù wíńdò ní màgnísíọ́ọ̀mù àti sílíkọ́nì díẹ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń wá ara wọn rí nínú irin bíi bàbà Wilm.

Ọmọṣẹ́ kan jókòó sórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò tuntun mọ́lẹ̀, ó ń fi fáìlì fá etí rẹ̀. Ẹ̀tù irin tó ń dán ń dà sórí itan rẹ̀, ó ń kóra jọ sínú ìṣẹ́po ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n ọ́n dànù. Ohun tí NMR ń wá gan-an nìyẹn. Ìgbì rédíò kì í wọnú irin lọ títí: ní MHz 100, kò lè wọnú alumíníọ́ọ̀mù ju nǹkan bíi ìdá 8 nínú 1000 mìlímítà kan lọ kí agbára rẹ̀ tó rọ, ti bàbà tún kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá gbé odidi irin síwájú ẹ̀rọ, ara rẹ̀ lásán lẹ máa gbọ́. Nítorí náà fífá ni wọ́n ń fá a. Wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣa irin tó bọ́ lára fáìlì kúrò, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pò ó mọ́ páráfíìnì kí hóró kan má baà fara kan èkejì. Fífá yìí náà tún ní tirẹ̀. Ó ń fún irin lọ́rùn, ètò àwọn átọ́ọ̀mù á dàrú, ohùn á sì fẹ̀. Tí ẹ bá ní kí ẹ fi iná tù ú, iná yẹn á tún tú àwọn bàbà tó ti kóra jọ ká, tàbí kó kó wọn jọ jù. Ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ fá irin, á wá gbé ẹ̀tù náà síná, á tì í bọ omi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti ìgbà náà.

Nítorí fífá yìí, ibi tí ọ̀nà yìí ò lè dé wà. Ẹdan Ògbóni tí wọ́n fi idẹ dà, bàbà àti síńkì, wù mí láti mọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé fáìlì lé ẹdan. Irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń gbé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì tiwọn nínú, wọn ò nílò tiwa kí wọ́n tó fọhùn. Àwọn olùwádìí méjì, Gossard àti Portis, gbọ́ kóbáàtì, ọ̀kan lára irú irin bẹ́ẹ̀, ní MHz 213 lọ́dún 1959 láìfi mágínẹ́ẹ̀tì kankan sí i, bàbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì rọ́pò aládùúgbò kóbáàtì ń fa ohùn yẹn wálẹ̀ ní MHz tó lé ní 15. Níbẹ̀, kíka aládùúgbò rọrùn ju ibikíbi lọ.

Bàbá bi mí pé ṣé ẹ̀rọ náà lè sọ ìdí tí ìkòkò kan fi ń sán. Mo sọ fún wọn pé ó lè sọ ibi tí bàbà dúró sí, àmọ́ kò lè rí ihò afẹ́fẹ́, ihò afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí sì wà lára ohun tó ń sán ìkòkò. Ká rẹ́ ìkòkò sí méjì, ká fi ojú wò ó, ìyẹn tó fún ti ihò.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni òjé (lead), tó jẹ́ májèlé. Àwọn olùwádìí ti rí i ní àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan nílẹ̀ Áfíríkà, Kamẹrúùnù wà lára wọn, pé òjé lè jáde látinú ìkòkò tí wọ́n fi irin àlòkù dà. Òjé kì í yòrò nínú alumíníọ́ọ̀mù tó ti dì, àfi bíńtín. Á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní kán-ń-kán. NMR lè gbọ́ ọ: òjé-207, tó jẹ́ bíi ìdá 22 nínú 100 òjé, ń fèsì lókè ju òjé inú iyọ̀ lọ ní ohun tó ju 1%, nítorí náà a lè mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ irin tàbí ó ti di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n òjé tó kéré níye, NMR ò dára fún wíwá a. Fún ti oúnjẹ, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ni ká bu fínígà tí a ti fi omi là sínú ìkòkò, ká sè é, ká sì wọn òjé tó bọ́ sínú omi náà. Èyí tó bá jẹ́ ti líle irin ni a ó fi ẹ̀tù ránṣẹ́ sí ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ńlá wà, torí mágínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ń gbé nínú hílíọ́ọ̀mù olómi tó tutù dé -269°C, hílíọ́ọ̀mù náà ò sì gbọdọ̀ tán.

Mo ti bẹ Bàbá pé kí àwọn ọmọṣẹ́ wọn má gbọn ẹ̀tù náà dànù mọ́. Kí wọ́n kó ti písítìn sínú ọ̀rá kan, ti férémù sínú òmíràn, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n da ìkòkò àti ọjọ́ tí wọ́n fá a sára ọ̀rá. Wọ́n ti gbà.